Omi Ìdí Àgbá

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ fi tó gbogbo aráyé létí, láì fi ohunkóhun pamọ́, pé n kì í mu gààrí láì wo aago. Tí mo bá ti bu omi sí i, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo máa ń kà, n kì í fọwọ́ kan ṣíbí kó tó pé. Ìṣẹ́jú méjì, gààrí ṣì ń bá eyín jà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ti fẹ́ máa di ẹ̀bà, kò sì tíì mọ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì tíì sí ọba kankan tó fi mí joyè nítorí rẹ̀. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni: ẹni tó gbà pé gbogbo ohun tí a bá rẹ sómi ló ní àkókò tirẹ̀, àti pé aago ló mọ àkókò náà.

Àwẹ̀ní ò gbà bẹ́ẹ̀.

Àwẹ̀ní ni onílé mi ní Ìlọrà. Ọmọ Fìdítì ni èmi, ìlú ọsàn, ṣùgbọ́n Ìlọrà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè òyìnbó, yàrá kan lẹ́yìn ilé obìnrin yìí ni mo sì háyà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo kó dé, ó bá mi níwájú ilẹ̀kùn, abọ́ gààrí lórí orúnkún, ojú lórí aago.

“Tíṣà, ta lò ń retí?”

“N ò retí ẹnì kankan, Ìyá. Gààrí ni mò ń dúró dè.”

“Gààrí ọ̀hún rìnrìn àjò ni?” Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka kan bọ abọ́ mi láì tọrọ àyè, ó fi àtàǹpàkò ra gààrí náà wò. “Ó ti rọ̀. Mu ún kí o máa lọ ibi iṣẹ́. Ọwọ́ la fi ń mọ nǹkan tó bá rọ̀, ọmọ Fìdítì. Aago ò ní àtàǹpàkò.”

Àtàǹpàkò tirẹ̀ tó ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó ti funfun, ó sì ti hunjọ bí ìka ẹni tó sùn sínú odò mọ́jú. Láfún ló ń ṣe, ó sì ti ń ṣe é láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó wá sí Ìlọrà láti Ìmini. Kò sí ohun tó ṣòro nínú láfún ṣíṣe, tí ẹ bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò ṣe é rí. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó gé e, a ó rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́rin títí yóò fi rọ̀, a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó fún omi ara rẹ̀ dànù, a ó sá a sórí àpáta. Tó bá gbẹ, a ó lọ̀ ọ́. Ó parí. Ohun tó kù ni òórùn. Òórùn yẹn ló pín ènìyàn sí ọ̀nà méjì: àwọn tó ń jẹ láfún, àti àwọn tó ń gbé nítòsí ẹni tó ń ṣe é. Èmi wà nínú méjèèjì.

Àgbá búlúù ńlá kan ló fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ lẹ́yìnkùlé, kò jìnnà sí fèrèsé mi. Tó bá kó ẹ̀gẹ́ tó rọ̀ jáde, kì í da omi àgbá náà nù tán. Ó máa ń ṣẹ́ ìwọ̀n igbá méjì kù sí ìdí, yóò kó ẹ̀gẹ́ tuntun lé e lórí, yóò sì pọn omi kànga kún un. Omi àtijọ́ yẹn ló máa ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tuntun tètè rọ̀. Àwọn aláfún tó kù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn máa ń fọ àgbá tiwọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí òórùn bá ti pọ̀ jù, wọ́n á dà á nù, wọ́n á lọ bu omi ìdí àgbá lọ́dọ̀ aládùúgbò, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ní kì í dà á nù. Nígbà tí Tahirah, ọmọbìnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ń lọ ilé ọkọ ní Akinmọ̀rín, kẹ́ẹ̀gì omi yẹn kan ló fún un mọ́ ẹrù ìyàwó. Èmi ni mo gbé e sórí ọ̀kadà fún un. Ó ta sí mi ní ṣòkòtò, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì ṣí gbogbo fèrèsé lọ́jọ́ náà láì jẹ́ pé mo ní kí wọ́n ṣí i.

“Ìyá,” mo sọ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, “omi yín yìí ti dàgbà o. Ó ti tó jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde.”

“Fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà. Á yege ju àwọn tí ò ń kọ́ lọ.”

Ìdí tí kò fi jẹ́ dà á nù, ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún báyìí. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún èmi nígbà tó yẹ kí n mọ̀ ọ́n, nítorí náà, láti ìhín lọ, ẹ ti gbọ́n jù mí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Àwẹ̀ní bí, Mọ́ṣúdù. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó kọ́ iṣẹ́ ọ̀kadà títúnṣe, ó sì mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ọdún méje sẹ́yìn, ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ sí Kàdúná pé kó lọ mú ẹ́ńjìnnì kan wá. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó ẹ̀gẹ́ sínú àgbá ni. Mọ́ṣúdù wá dọ̀bálẹ̀ kí i, ó dìde, ó ti ọwọ́ bọ omi àgbá, ó sì fi wọ́n ìyá rẹ̀ lójú, nítorí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tí ìyá rẹ̀ ò bí òmíràn mọ́ ọn lè ṣe irú ìyẹn.

“Ìyá mi, kí ẹ̀gẹ́ yìí tó rọ̀, mo ti dé.”

“Máa lọ, ọmọ burúkú. Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ. Má jẹ ìjẹkújẹ lọ́nà o.”

Lọ́jọ́ kejì, ó pè láti Mòkwá pé mọ́tò àwọn bàjẹ́, wọ́n ń tún un ṣe. Ìpè ìkẹyìn nìyẹn. Fóònù rẹ̀ ò wọlé mọ́. Wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n lọ sí gáréèjì, wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn tí wọn ò mọ èdè àwọn ará ibẹ̀. Wọn ò rí Mọ́ṣúdù, wọn ò rí mọ́tò, wọn ò sì rí òkú.

Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀gẹ́ rọ̀. Àwẹ̀ní ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, ó wọlé tán. Ó wo ojú títì. Ó kó ẹ̀gẹ́ náà jáde, ó ṣẹ́ omi kù sí ìdí, ó sì kó ẹ̀gẹ́ líle lé e lórí. Bó ṣe rò ó rèé: bí omi ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn bá ṣì wà nínú àgbá, tí ẹ̀gẹ́ líle sì wà nínú rẹ̀, a ò lè sọ pé rírẹ ọjọ́ yẹn ti parí. Tí kò bá sì tíì parí, Mọ́ṣúdù ò tíì yẹ àdéhùn. Ọmọ náà ò tíì pẹ́. Ọdún méje gbáko ni kò fi pẹ́.

Alfa Nasrullah, ẹ̀gbọ́n bàbá Mọ́ṣúdù, máa ń wá bá a sọ ọ́ lọ́dọọdún, tí ààwẹ̀ bá ti ku díẹ̀. Mo máa ń gbọ́ wọn láti inú yàrá mi.

“Àwẹ̀ní, jẹ́ ká kírun sí ọmọ yìí lára. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. A kì í fi òkú sílẹ̀ láì kírun sí i.”

“Alfa, ẹ jẹ́ kó pẹ́ ná.”

Òwe ni mo pe ìyẹn. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tí mo ń kọ òwe sí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin ọdún yìí, ó ń bó ẹ̀gẹ́, èmi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dédé gbójú sókè.

“Tíṣà, iṣẹ́ ọwọ́ mi yìí, kéèyàn rẹ nǹkan sómi, kí làwọn òyìnbó ń pè é?”

“Sóòkì, Ìyá.”

“Sóòkì.” Ó tọ́ ọ wò lẹ́nu. “Ó ti kúrú jù. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin! Ibo ni wọ́n ti rí i?”

Inú olùkọ́ máa ń dùn tí ẹni tí kò ní ṣèdánwò bá bi í ní ìbéèrè. Mo wọlé, mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè mi ńlá jáde, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, mo sì ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Mo ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí nǹkan wà nínú omi títí omi yóò fi wọ̀ ọ́ lára dé inú. Mo ní òjò lè sóòkì ènìyàn lọ́nà oko, a lè sóòkì aṣọ, a lè sóòkì ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni wọ́n ń pe ọ̀mùtí paraku ní ògbólógbòó sóòkì.

“Bí Làmídì oní-bíríkì,” ni ó wí.

“Bí òun gan-an.” Mo ní ọ̀rọ̀ náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún; sókíàn ni àwọn baba ńlá wọn ń pè é. Ó sì ní ọmọ ìyá kan: ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò bí ọmọ bá ń fa ọmú. Inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ti jáde.

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

“Dúró ná. Nínú omi àti ẹ̀gẹ́, ta ló ń fa ta mu?”

“Ohun tó wà nínú omi ló ń fa omi mu, Ìyá. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Ó wo àgbá. “Mọ́ṣúdù pẹ́ lẹ́nu ọmú,” ni ó wí. “Ọdún méjì àtoṣù mẹ́ta. Wọ́n ní kí n fi ewúro sí i lórí, kó lè fi í sílẹ̀. N ò fi sí i.” Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gẹ́. Mo rò pé ẹ̀kọ́ mi ló wọ̀ ọ́ lára.

Ní oṣù kẹfà, ibà gbé e dè. Kò lè jẹun, kò lè dìde. Mo bẹ mọ́tò lọ́wẹ̀, èmi àti Alfa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Ṣé ẹ̀yin ni ọmọ Mààmá?”

N ò ní bẹ́ẹ̀ ni, n ò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo omi tó bá dúró sójú kan nílé yẹn, kí Mààmá tó padà, ẹ dà á nù. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí.”

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, òótọ́ sì ni. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ aláfún ì bá ti mọ̀ pé kì í ṣe irú omi ìdí àgbá ni wọ́n ń bá wí. Ẹ̀fọn wo ni yóò yé sínú omi tó ń ho, tó kan bí ọtí kíkan? Ṣùgbọ́n ọmọ Fìdítì ni mí. Lọ́dọ̀ tiwa, ọsàn la mọ̀, omi tó bá ti kan, a máa ń dà á nù ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo dìde bíi wolé-wolé. Mo da omi inú táyà àtijọ́ nù, mo da ti agolo nù, mo da ti abọ́ adìẹ nù. Mo dé ìdí àgbá. Ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ ti rọ̀ kọjá rírọ̀. Mo kó o sórí ààtàn, mo sì ti àgbá náà ṣubú.

Omi náà ò tètè lọ. Ó dúró lórí ilẹ̀ díẹ̀, funfun, bíi pé ó ń wo ọ̀nà tí yóò gbà, kí ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mu. Mo fi ọṣẹ ìyẹ̀fun fọ àgbá lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi kànìnkànìn wọ inú rẹ̀ dé èjìká. Nígbà tí mo dojú rẹ̀ dé sórí òkúta, ó ń dán bíi bàtà ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama. Mo jókòó, mo mu gààrí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí mo ti mọ ara mi sí ènìyàn rere tó lọ́jọ́ náà, n ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n dá a sílẹ̀. Alfa mú un délé. Kò wọ yàrá. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ tààrà, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, àwa méjèèjì sì tẹ̀ lé e.

“Ta ló dojú àgbá mi dé?”

“Èmi ni, Ìyá! Ẹ káàbọ̀. Nọ́ọ̀sì ló ní ká da gbogbo omi nù, nítorí ẹ̀fọn.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀ pátá, Ìyá. N ò ṣẹ́ ẹ̀kán kan kù. Ọṣẹ ni mo fi fọ̀ ọ́.” Ẹ̀rín ni mo ń rín bí mo ti ń sọ ọ́. Ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ó gbé ọwọ́ lé ìdí àgbá náà, ó fi pa á bí ẹni ń pa orí ọmọ. Lẹ́yìn náà, ó lóṣòó síbi tí omi ti gbẹ sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù díẹ̀. Ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ ilẹ̀ náà, ó sì wọlé.

“Ó ti rọ̀,” ni ó wí.

“Kí ló rọ̀?” Alfa bi í.

“Ẹ wá bá mi kírun sí Mọ́ṣúdù lára, Alfa. Ó ti pẹ́.”

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. “O ṣeun, ọmọ mi. O fọ̀ ọ́ mọ́ dáadáa.” Kò pè mí ní ọmọ rẹ̀ rí. Ó wọlé. Alfa ló wá jókòó tì mí lórí odó tó dojú dé, tó sì sọ ohun gbogbo tí ẹ̀yin ti mọ̀ láti òwúrọ̀ fún mi. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò bá mi wí. Ì bá dára bó bá bá mi wí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n kírun sí òkú tí kò sí níbẹ̀. Àwọn ènìyàn wá sílé wá kí i. “Ọlọ́hun á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ ire.” “Àmín.” “Ọlọ́hun á rọ̀ ọ́ lójú.” “Àmín.” Kò sunkún. Ó tilẹ̀ sọ fún obìnrin kan pé ìró rẹ̀ fẹ́ tú. Èmi ni mo ń gbé àga. Ọdún méje ni ọ̀nà Kàdúná fi ń gbìyànjú láti pa ọmọ yẹn tán, kò rí i ṣe. Èmi ni mo fi ọṣẹ ìyẹ̀fun kan ṣoṣo parí rẹ̀ kí oòrùn tó ràn dáadáa, mo sì mu gààrí lé e.

Ibi tí mo ti ń to àga jọ ni ọkàn mi ti lọ sórí ṣòkòtò mi, èyí tí omi ta sí. Tahirah! N ò tilẹ̀ to àga tó kù. Mo gun ọ̀kadà, ó di Akinmọ̀rín. Mo bá a níbi tó ti ń sá láfún, ọmọ lẹ́yìn.

“Háà, Tíṣà! Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé kò sí nǹkan o?”

“Omi tí Ìyá fún ọ nígbà tí ò ń lọ ilé ọkọ, ṣé o ti dà á nù?”

“Ta ló ń da omi nù? Ìyá ní lọ́jọ́ tí mo bá dà á nù, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ló kọ́ mi níṣẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín. “Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ máa ṣe láfún ni? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi aago mu gààrí!”

Mo sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bu kẹ́ẹ̀gì kan kún dẹ́nu, ó fi ọ̀rá di ọrùn rẹ̀, ó sì fi aṣọ nù ún yíká. Mo gbé e mọ́ àyà lórí ọ̀kadà bí ìkókó.

“Bọ̀dá, kí lẹ gbé tó ń rùn báyìí?” ọlọ́kadà bi mí.

“Ọmọ onílé mi ni.”

Ó tẹ iná mọ́ ọ̀kadà títí a fi dé Ìlọrà.

Àwọn àlejò ti lọ. Àwẹ̀ní jókòó nìkan lẹ́yìnkùlé. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ìyá, omi yín rèé. Tahirah ò dà á nù rí.”

Ó tú ọ̀rá náà, ó gbé imú sí i. “Ọdún wo ni Tahirah lọ ilé ọkọ?”

“Ọdún kẹta rèé.”

“Mọ́ṣúdù ti lọ nígbà náà.” Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ẹlòmíràn náà sọ ọ́.

“Ó ti lọ, Ìyá. Ó ti lo ọdún mẹ́rin lọ́hùn-ún.”

“Ìyẹn ni pé inú àgbá yìí ni wọ́n ti bu èyí. Òun àti ti ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn jọ wà pọ̀ ni.”

“Wọ́n jọ wà pọ̀ ni, Ìyá.”

Mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ti di etí àgbá mú kí n dá a dúró fún un.

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni ó wí. “A ti kírun.” Ó tún ọ̀rá náà dì, ó gbé kẹ́ẹ̀gì wọlé fúnra rẹ̀, mo sì gbọ́ bó ti ń fi ẹsẹ̀ tì í sábẹ́ ibùsùn. Ó tún yọjú. “Tíṣà.”

“Mà.”

“Má sọ fún Alfa.”

N ò sọ fún Alfa. Láti ọjọ́ náà, àgbá ṣì dojú dé, adìẹ kan sì ti ń yé sórí rẹ̀. Kò ra ẹ̀gẹ́. Àwọn tó ń wá ra láfún, Akinmọ̀rín ló ń júwe fún wọn. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń padà di àtàǹpàkò ènìyàn, n ò sì fẹ́ràn láti máa wò ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè tó kọjá, ó bá mi níbi tí mo ti ń wo aago. Ó jókòó. Kò bi mí pé ta ni mò ń retí.

“Tíṣà, bá mi wo inú ìwé ńlá rẹ yẹn. Omi ẹ̀gẹ́ tí kò sí ẹ̀gẹ́ nínú rẹ̀, tí kò rí nǹkan kan jẹ, ọjọ́ mélòó ló lè fi wà láàyè?”

Mo ní n ó wò ó. Mo wò ó, mo tún un wò. Ìtumọ̀ wà níbẹ̀, orírun wà níbẹ̀, òjò wà níbẹ̀, ọ̀mùtí wà níbẹ̀, ọmú pàápàá wà níbẹ̀. Wọn ò kọ iye ọjọ́. Kò tíì tún bi mí. Ó kàn ń wo ẹnu mi láràárọ̀ ni, gààrí mi sì ti ń kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mélòó ni wọ́n kọ sínú ìwé tiyín?